ẸNI TÍ Ó ṢE É ÀTI ẸNI TÍ Ó TÀ Á

Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan, ọmọ ìlú wa, sọ níwájú Ìpàdé Gbogbogbòò ọdọọdún ti Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa

  

Nígbà tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ kọ ìwé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ ní ọdún yìí, ó rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ni n óò sọ, nítorí pé iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ti ń ṣe láti ọjọ́ tí mo ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjà ni mo mú wá. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa tí ó wà níhìn-ín yóò máa rẹ́rìn-ín nínú ara wọn pé, "Kí ni tísà mọ̀ nípa ọjà?" Òtítọ́ ni, n kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Èyí tí mo mọ̀ nísinsìnyí, àdánù ni ó kọ́ mi, àdánù náà kì í sì í ṣe tèmi nìkan. Ti gbogbo wa ni.

Gbogbo wa ni a rántí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ wa. Ní ọdún 2019, Ẹgbẹ́ dá owó láti fi páànù tuntun bo yàrá ìkàwé mẹ́fà. A yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún, èmi sì ni akọ̀wé rẹ̀. Ọkùnrin kan tọ̀ wá wá, ó ní òun ni òun ni iléeṣẹ́ tí ń ṣe páànù, àti pé bí a bá rà á lọ́wọ́ òun, a ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn alágbàtà. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ wa. A bá a ṣe àdéhùn páànù alumíníọ́mù tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 0.55. A san gbogbo owó náà kí a tó fi ojú kan páànù kan ṣoṣo. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ orúkọ mi sí abẹ́ ìwé náà.

Páànù dé, ó ń kọ mànà, a kàn án, inú wa dùn. Òjò ọdún kejì kò tíì parí tí ìjì fi ṣí ìhà kan rẹ̀ lọ. Ọmọ ìlú wa kan tí ó jẹ́ ẹnjiníà mú ohun tí a fi ń wọn ìnípọn jáde, ó wọ̀n ọ́n. Kò tó 0.40. A wá ọkùnrin náà kàn. Ó ní, "Èmi kọ́ ni mo ṣe é. Bí mo ti rà á ni mo ṣe tà á." A lọ sí iléeṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára páànù náà. Wọ́n yẹ ìwé wọn wò, wọ́n ní, "Àwa kò tà á fún yín. A kò mọ̀ yín rí." Báyìí ni ẹni tí ó tà á ń nawọ́ sí ẹni tí ó ṣe é, tí ẹni tí ó ṣe é sì ń wí pé òun kò mọ ẹni tí ó rà á. Láàrin àwọn méjèèjì ni owó wa ṣègbé sí, òjò sì rọ̀ sórí àwọn ọmọ wa.

Ẹ̀yin ará mi, n kò sọ èyí láti tún ọgbẹ́ ṣí. Mo sọ ọ́ nítorí pé ní ọdún tí ń bọ̀ yìí, Ẹgbẹ́ wa tún fẹ́ ra 300 tábìlì àti ìjókòó fún ilé ẹ̀kọ́ wa. Àwọn kan nínú àwọn tí ó dá owó náà ń ṣiṣẹ́ òru ní ilẹ̀ òtútù kí wọ́n tó rí i fi ránṣẹ́. Kò yẹ kí ojú tì wá lẹ́ẹ̀kejì. Bí a kò bá mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹni tí ó ṣe ọjà àti ẹni tí ó pèsè rẹ̀, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí páànù ni yóò ṣẹlẹ̀ sí tábìlì.

TA NI ẸNI TÍ Ó ṢE É?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Bí ẹ bá lọ sí Ìṣẹ́yìn, ẹ óò rí ahunṣọ tí ó jókòó nídìí òfì. Òun ni ó ń ta òwú, òun ni ó ń hun ún, òun ni ó mọ iye fọ́nrán òwú tí ó wọ inú aṣọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí aṣọ ẹbí yín ní ìlà pupa díẹ̀ sí i, òun ni ó lè fi í sí i. Bí aṣọ bá já, òun ni ó lè sọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó ṣe é nìyẹn: ẹni tí ó lè yí ọjà padà kí ó tó di ọjà, tí ó sì lè dáhùn fún ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ahunṣọ kì í sábà hun ẹyọ fìlà kan fún ẹnì kan. Títa òwú sórí òfì gba wàhálà. Bí ó bá ti ta á, ó fẹ́ kí aṣọ tí yóò hun pọ̀ tó láti san wàhálà náà padà. Yóò bèèrè àsansílẹ̀, yóò sì dá ọjọ́ fún yín. Bákan náà ni iléeṣẹ́ ńlá rí. Ẹ̀rọ tí a ti tò fún irú ọjà kan kò ṣeé dá dúró nítorí oníbàárà kékeré. Nítorí náà ni iléeṣẹ́ fi ń sọ iye tí ènìyàn gbọ́dọ̀ rà, bí kò bá tó bẹ́ẹ̀ wọn kò ní tà. Kì í ṣe ìgbéraga. Bí iṣẹ́ wọn ti rí ni.

ALÁGBÀTÀ KÌ Í ṢE OLÈ

Àwa Yorùbá a máa wí pé alágbàtà ni ó ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n òtítọ́ náà kò pé. Alájàpá tí ó jí ní ìdájí, tí ó wọ oko lọ kó iṣu, tí ó san owó ọkọ̀, tí díẹ̀ nínú iṣu náà rà mọ́ ọn lọ́wọ́, èwo nínú wa ni yóò lọ sí oko fúnra rẹ̀ nítorí iṣu méjì? Olùpèsè ń ṣe ohun mẹ́rin tí olùṣe kì í sábà ṣe. Ó ń kó ọjà ọ̀pọ̀ olùṣe jọ sí ojú kan. Ó ń tà á ní díẹ̀díẹ̀ fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Ó ń ta àwìn fún ẹni tí ó mọ̀. Ó sì ń mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń fẹ́, ó ń padà lọ sọ ọ́ fún ẹni tí ń ṣe ọjà.

Mo fẹ́ fi aṣọ àǹkárá ṣe àpẹẹrẹ ohun kẹrin yìí. Aṣọ tí a ń pè ní tiwa yìí, ọ̀nà jíjìn ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ọnà àwọn ará Jáfà ní Indonéṣíà ni àwọn ará Yúróòpù fi ẹ̀rọ ṣe àfarawé rẹ̀. Iléeṣẹ́ Vlisco, tí a dá sílẹ̀ ní 1846 ní ìlú Helmond ní ilẹ̀ Họ́lándì, ń ṣe é. Àwọn iléeṣẹ́ ní agbègbè Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn olùṣe wọ̀nyí kò jókòó ní ọjà Gbági tàbí ní Balógun. Àwọn iléeṣẹ́ oníṣòwò, irú UAC tí ìdásílẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ní 1929, ni ó ń rà á lọ́wọ́ wọn, tí ó sì ń gbé e wá sí etí òkun wa. Lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyí ni àwọn ìyá wa ti ń gbà á, lọ́wọ́ àwọn ìyá wa sì ni gbogbo ayé ti ń rà á.

Ní Lómé, ní ilẹ̀ Tógò, àwọn obìnrin kan dìde tí wọ́n ń ta aṣọ yìí káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n lówó tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń gun ọkọ̀ Mercedes-Benz, a sì ń pè wọ́n ní Nana Benz. Àwọn obìnrin wọ̀nyí kò fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ ìtẹ̀ṣọ rí, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n mọ àwọ̀ tí yóò tà àti èyí tí kò ní tà. Àwọn ni wọ́n ń fún aṣọ ní orúkọ, orúkọ rere sì ń ta aṣọ. Àwọn olùṣe gbẹ́kẹ̀ lé wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń fi irú ọnà kan sílẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo láti máa tà. Bí ẹ bá gbọ́ tí ènìyàn ń gan alágbàtà, ẹ rántí Nana Benz.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù rẹ̀. Nígbà tí àfarawé aṣọ náà bẹ̀rẹ̀ sí ti Ṣáínà wá ní ọ̀pọ̀ yanturu, tí owó rẹ̀ sì kéré, agbára àwọn obìnrin wọ̀nyí dínkù gidigidi. Ẹni tí kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọjà, bí olùṣe mìíràn bá dìde ní ẹ̀yìn rẹ̀, ilẹ̀ lè yọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

OLÙṢE PẸ̀LÚ Ń RÀ

Nísinsìnyí ni mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi le jùlọ. A lè máa rò pé bí a bá ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣe ọjà, a ti dé ìdí kókó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá aládìrẹ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, òun ni ó ń fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sára aṣọ, òun ni ó ń rì í sínú ìkòkò aró. Olùṣe gidi ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó hun aṣọ funfun tí ó ń rẹ. Láyé àtijọ́, aṣọ funfun náà pàápàá ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Olùṣe ni níwájú wa. Oníbàárà ni níwájú ẹlòmíràn. Bí aṣọ funfun náà bá gbó, àdìrẹ náà gbó, bí ó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ dára tó.

Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti aṣọ, owó nìkan ni yóò sọnù. Bí ó bá jẹ́ ti oògùn ńkọ́? Ní ìparí ọdún 2008, oògùn kan tí a ń pè ní My Pikin, tí àwọn abiyamọ ń fún ọmọ tí ó ń hu eyín, bẹ̀rẹ̀ sí pa àwọn ọmọ ní ilẹ̀ wa. Iléeṣẹ́ tí ó ní ìwé àṣẹ ni ó ṣe é, orúkọ rẹ̀ sì wà lára ìgò. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ náà kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wà nínú oògùn náà fúnra rẹ̀. Ó nílò ohun olómi kan tí a ń pè ní propylene glycol, èyí tí a lè lò nínú oògùn. Ó rà á lọ́wọ́ oníṣòwò kẹ́míkà kan ní Èkó tí kò ní ìwé àṣẹ. Ohun tí ó wà nínú kẹ̀ẹ̀gì náà kì í ṣe ohun tí a kọ sí i lára. Diethylene glycol ni, èyí tí a ń lò fún iṣẹ́ ẹ̀rọ, tí ó sì ń ba kíndìnrín ènìyàn jẹ́. Àwọn méjèèjì jọ ara wọn lójú, wọ́n sì dùn lẹ́nu. Ọmọ 84 ni ó kú. Ní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà sí ẹ̀wọ̀n ọdún méje méje.

Ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ yìí dáradára. Oníṣòwò ta ohun tí kò mọ̀. Olùṣe lo ohun tí kò yẹ̀ wò. Abiyamọ ra ohun tí ó gbẹ́kẹ̀ lé. Òfin kò gbà kí olùṣe wí pé, "Èmi kọ́, ẹni tí ó tà á fún mi ni." Ẹni tí ó bá kọ orúkọ rẹ̀ sára ìgò ti gba ẹrù gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Pánámà ní 2006. Ohun olómi olóró yìí kan náà ni a tà gẹ́gẹ́ bí glycerine, tí a fi ṣe oògùn ikọ́. Láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣe é ní Ṣáínà ni ó ti bọ́ sí ọwọ́ oníṣòwò kan níbẹ̀, ó dé ọwọ́ oníṣòwò kejì ní Sípéènì, ó dé ọwọ́ ẹ̀kẹta ní Pánámà. Bí ó ti ń kọjá ni wọ́n ń pààrọ̀ orúkọ tí ó wà lórí ìwé ẹ̀rí rẹ̀, títí tí orúkọ ẹni tí ó ṣe é fi parẹ́ pátápátá. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó tún un yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kú. Nígbà tí mo ka ìtàn yìí, páànù wa ni mo rántí. Kò pa ẹnikẹ́ni, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run; ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni ó gbà wọlé.

ÀWỌN TÍ Ń PE ARA WỌN NÍ OHUN TÍ WỌN KÌ Í ṢE

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń ra ọjà láti Ṣáínà lórí fóònù, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Láti ọdún 1957 ni wọ́n ti ń ṣe ọjà àfihàn ńlá ní ìlú Guangzhou, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n sì ń ṣe é nísinsìnyí, tí àwọn oníṣòwò gbogbo ayé ń lọ. Ìlú Yiwu náà wà níbẹ̀, tí ọjà wẹ́wẹ́ rẹ̀ kò lóǹkà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ẹ óò bá pàdé yóò wí pé iléeṣẹ́ ni àwọn. Àwọn kan jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àwọn mìíràn jẹ́ alágbàtà tí ó ní yàrá kan àti tábìlì kan. Jíjẹ́ alágbàtà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Pípa á mọ́ ni ẹ̀tàn.

Ẹ̀ẹ̀kan tún wà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ọjà lè má jẹ́ ẹni tí ó ṣe é. Iléeṣẹ́ Apple ni ó ni fóònù iPhone, òun ni ó ń ya àwòrán rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn iléeṣẹ́ mìíràn, irú Foxconn, ni wọ́n ń tò ó pọ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ nìkan tẹ́ yín lọ́rùn. A kì í wà lókèèrè mọ adùn ọbẹ̀.

OHUN TÍ ÌGBÌMỌ̀ WA YÓÒ MÁA ṢE

Olùkọ́ ni mí. Ẹ jẹ́ kí n to ẹ̀kọ́ mi lẹ́sẹẹsẹ kí ó lè ṣeé rántí.

Èkíní, kí a mọ ẹni tí ó yẹ kí a lọ bá. Bí ohun tí a fẹ́ bá pọ̀, tí ó jẹ́ irú kan, tí a sì fẹ́ kí ó rí bí a ti fẹ́, kí a lọ bá ẹni tí ń ṣe é. Bí ó bá jẹ́ oríṣiríṣi tí kò pọ̀, irú ẹfun ìkọ̀wé, bọ́ọ̀lù, ìwé àti ìgbálẹ̀, olùpèsè kan ṣoṣo ni yóò rọrùn jù fún wa, èrè díẹ̀ tí ó bá jẹ lórí rẹ̀ sì tọ́ sí i.

Èkejì, kí a bèèrè tààrà pé, "Ṣé ẹ̀yin ni ẹ ń ṣe é, tàbí ẹ ń rà á ni?" Bí ó bá ní òun ni òun ń ṣe é, kí ó mú wa dé ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣe ọjà ní òótọ́ kì í fi ibi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ fún ẹni tí ó mú owó wá. Kí ọmọ ìlú wa tí ó bá wà nítòsí ibẹ̀ lọ fi ojú ara rẹ̀ rí i. Bí ó bá ní òun ń rà á ni, kí ó sọ ẹni tí òun ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ̀kẹta, kí àdéhùn wa sọ ẹni tí yóò dáhùn bí ọjà bá bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ olùpèsè ni a rà á lọ́wọ́ rẹ̀, òun gan-an ni kí a dì mú. Kí ó lọ dì ẹni tirẹ̀ mú. Ìwé tí èmi fọwọ́ sí ní 2019, gbólóhùn yìí kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí a gba ẹyọ kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, kí a tọ́jú rẹ̀, kí a sì fi wé ìyókù nígbà tí wọ́n bá dé. Kí a wọ̀n ọ́n, kí a kà á, kí a tó san owó ìkẹyìn. Kí a má ṣe san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan náà mọ́ láé.

Ẹ̀karùn-ún, kí a máa wo àmì ìjọba. Àjọ NAFDAC, tí a dá sílẹ̀ ní 1993, ni ó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn, nọ́ńbà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lára wọn. Àjọ SON ni ó ń rí sí ìwọ̀n àti ìdára àwọn ọjà mìíràn: àmì MANCAP wà fún èyí tí a ṣe ní ilẹ̀ wa, ìwé SONCAP sì wà fún èyí tí ó ti òkè òkun wá. Bí ẹnì kan bá ní òun ṣe ọjà ní Nàìjíríà, tí ó sì jẹ́ pé ìwé ti òkè òkun ni ó ń fi hàn wá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bára mu.

ÀBÁ MI

Nípa ti 300 tábìlì yìí, èyí ni àbá tí mo gbé ka iwájú yín. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wà ní ìlú yìí. Àwọn ni olùṣe tí a mọ ilé bàbá wọn. Bí ẹsẹ̀ tábìlì bá yẹ̀, a kò ní wá a lọ sí Èkó. A ó pàdé rẹ̀ ní ọjà ní ọjọ́ kejì. Kí Ẹgbẹ́ pè wọ́n jọ, kí a pín iṣẹ́ náà láàrin wọn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ rẹ̀ sí abẹ́ èyí tí ó bá ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ohun tí mo sọ nípa aládìrẹ. Gbẹ́nàgbẹ́nà kì í gbin igi. Lọ́wọ́ oníplánkì ni ó ti ń rà á, bí ẹnikẹ́ni bá sì fún un ní arère tí ó fúyẹ́ dípò igi líle, ọmọ wa ni yóò ṣubú. Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ bá wọn lọ yan plánkì náà, kí a rà á ní ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ó gbẹ dáradára kí ayùn tó kàn án. Báyìí ni a ó ṣe mọ olùṣe, tí a ó sì mọ olùpèsè rẹ̀ pẹ̀lú.

Bí ẹ bá fẹ́ kí n tún jẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀, n óò ṣe é tọkàntọkàn. Bí ẹ bá sì fẹ́ ẹlòmíràn, n kò ní bínú, nítorí ẹ ní ẹ̀tọ́. Ohun kan ni mo bẹ̀ yín: ẹnikẹ́ni tí ẹ bá yàn, kí ó ka ọ̀rọ̀ yìí kí ó tó fọwọ́ sí ìwé.

Kí Ọlọ́run bùkún ọwọ́ àwọn tí ń ṣe ọjà, kí ó má ṣe jẹ́ kí àwọn tí ń tà á pàdánù, kí ó sì la ojú àwa tí ń rà á. Kí ìlú wa ó máa tẹ̀ síwájú, kí òjò má ṣe tún pa àwọn ọmọ wa nínú ilé ẹ̀kọ́ mọ́ láé. Àṣẹ.